Bí Ọtí Ìgò Ṣe Di Àṣà Láàárín Wa

Kò sí ètò kan tí àwa ọmọ Opebi ń ṣe lóde òní, ìbáà ṣe ìsọmọlórúkọ, ìbáà ṣe ìdána, ìsìnkú, ìjoyè tàbí fífi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, tí a kì í gbé ìgò ọtí síwájú àwọn àgbà kí wọ́n tó la ẹnu ṣe àdúrà. Bí ẹni tí ó wá tọrọ nǹkan bá mú owó wá láìmú ọtí wá, wọn a ní kò mọ àṣà. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá sì béèrè pé àṣà ta ni, èsì tí wọn yóò fún un ni pé, "Bí a ti bá a nìyẹn." Èsì yìí ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, kí àwọn tí ń bẹ nílé àti àwọn tí ń bẹ lẹ́yìn odi lè jọ gbé e yẹ̀wò. Nítorí pé àwọn tí ó ṣáájú wa kò bá a bẹ́ẹ̀. Ọtí tí ń bẹ nínú ìgò onígun mẹ́rin yẹn ní ìgbà tí ó dé, ó ní ọ̀nà tí ó gbà dé, ó sì ní àwọn tí ó jèrè lórí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fẹ́ sọ pé àwọn baba wa kì í mutí. Wọ́n ń mu ẹmu ọ̀pẹ, wọ́n ń mu ògùrọ̀ láti inú àbàtà. Àwọn ìyá wa ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, wọ́n ń fi ọkà bàbà pọn ọtí, wọ́n sì ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe àgàdàgídí. Ṣùgbọ́n inú àwọn ọtí wọ̀nyí fúnra wọn ni ìwọ̀n wọn ti wá. Ẹmu tí a dá láàárọ̀ a máa dùn. Bí ó bá di ọjọ́ kejì ó ti kan, bí ó bá sì pẹ́ sí i, kò ṣe é gbé síwájú àlejò mọ́. Kò sí ẹni tí ó lè tò ó jọ sínú àjà fún ọdún kan, kò sì sí oníṣòwò tí ó lè fi ọkọ̀ òkun gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mu ún gbọ́dọ̀ dúró de adẹ́mu, adẹ́mu pàápàá sì gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀pẹ.

Àwọn baba wa kò sì fi ojú kékeré wo ewu rẹ̀. Ìtàn ìṣẹ̀dá tí a ń pa káàkiri ilẹ̀ Yorùbá sọ pé Ọbàtálá ni Olódùmarè rán wá láti dá ilẹ̀, pé ó mu ẹmu yó lójú ọ̀nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Nítorí èyí ni ẹmu fi jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn olùsìn Ọbàtálá títí di òní olónìí. Ẹ kíyè sí i pé nínú ìtàn tí ó ṣáájú gbogbo ìtàn wa, ẹni tí ọtí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìta. Àgbà òrìṣà ni. Èdè wa pẹ̀lú kò pọ́n ọtí lé. Nígbà tí ó bá ti gun ènìyàn lórí, a kì í sọ pé ara rẹ̀ yá. A ní ọtí ń pa á.

Báwo ni ọtí òkè òkun ṣe wá gba ipò lọ́wọ́ ti ilé? Láti ayé òwò ẹrú ni ọtí líle ti ń gúnlẹ̀ sí etíkun wa, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, tí òwò epo pupa àti èkùrọ́ gbilẹ̀, ni ó wá di ọ̀pọ̀ yanturu. Láti Rotterdam ní ilẹ̀ Họ́láǹdì àti Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ni ọkọ̀ ti ń kó àpótí jíìnì wá. Jíìnì kì í kan bí ẹmu. Bí a bá gbé e sí yàrá fún ogún ọdún, bí a ti gbé e sí náà ni a óò bá a. Nítorí náà àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú owó: wọ́n ń fi san ìtanràn, wọ́n ń fi kún ẹrù ìdána, wọ́n sì ń fi ṣe ìṣákọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ yìí kan àwa Àwórì gbọ̀ngbọ̀n. Láyé àtijọ́, àlejò tí ó bá gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ ẹbí kan a máa mú nínú irè oko rẹ̀ wá lọ́dọọdún, pẹ̀lú obì, gẹ́gẹ́ bí àmì pé òun mọ onílẹ̀. Kì í ṣe pé onílẹ̀ kò ní iṣu; àmì ni. Nígbà tí jíìnì dé, àpótí jíìnì jókòó sí ààyè iṣu díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ oko sì di ilẹ̀ ilé, tí ilẹ̀ ilé di ohun títà pátápátá, iṣu ti di ìgbàgbé, irè oko ti di ìgbàgbé, ọtí nìkan ni ó kù. Òun ni àwọn ọmọ wa ń pè ní àṣà ilẹ̀ lónìí.

Nínú gbogbo èyí, ìjọba ni ó jèrè jù. Ní àkókò náà a kò tí ì máa gba owó orí lọ́wọ́ olúkúlùkù ní ìhà tiwa, owó ibodè ni ìjọba fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ní àwọn ọdún kan ṣáájú ogun 1914, owó ibodè orí ọtí líle tó nǹkan bí ìdajì gbogbo owó tí ń wọlé fún ìjọba Gúúsù Nàìjíríà. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní ọdún 1896, tí ó gba Ìkẹjà àti Agége kọjá kí ó tó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, inú àpò ìjọba tí ọtí ń kún yìí ni owó gbèsè rẹ̀ ti ń jáde. Àwa ń yin ọ̀nà náà, ó sì tọ́ kí á yìn ín, nítorí òun ni ó mú kí oko kòkó àwọn ènìyàn bí J. K. Coker ní Agége di ohun tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá wá ń kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú irin kan náà tí ń gbé kòkó jáde ni ó ń gbé jíìnì wọlé.

Ẹ sì wo èyí: àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà tí ń gba owó ibodè lórí ọtí ní Gúúsù kò gbà kí a tà á fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ní Àríwá. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Brussels ní ọdún 1890 ni ó fi òfin dè é ní àwọn ilẹ̀ tí ọtí líle kò tí ì dé. Ibi tí ó ti dé ṣáájú, wọ́n ní kí wọ́n kàn bu owó ibodè lé e. Àwa ti wà nínú àwọn tí ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó pariwo. Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró, tí ará Èkó ń pè ní Johnson Mímọ́, àti Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell, gbógun ti òwò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìwàásù àti nínú ìwé ìròyìn. Ariwo náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi yan ìgbìmọ̀ ìwádìí ní ọdún 1909, tí Sir Mackenzie Chalmers ṣe alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà dá òwò ọtí láre. Wọ́n ní àwọn kò rí ìbàjẹ́ tí àwọn Bíṣọ́ọ̀bù ń wí. Ó lè jẹ́ òtítọ́ pé àwọn ọ̀mùtí kò pọ̀ lójú pópó nígbà náà, nítorí ọ̀pọ̀ ìgò ni a ń tọ́jú tí a kì í ṣí. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ẹni tí ń jẹun nínú àwo kì í yá lára láti fọ́ àwo náà.

Ọdún 1919 ni nǹkan yí padà, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ kí òǹkàwé dúró sí díẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn orílẹ̀-èdè fi ọwọ́ sí àdéhùn kan ní Saint-Germain-en-Laye ní ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà, tí ó ka ọtí líle olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wá ta fún wa léèwọ̀. Jíìnì tí ó dára jù ṣì ń wọlé, ṣùgbọ́n owó ibodè rẹ̀ ga, iye rẹ̀ sì ga. Ohun tí ó wà ní ọwọ́ gbogbo ènìyàn di ọ̀wọ́n. Ohun tí ó bá sì wọ́n láàárín wa, kì í pẹ́ tí ó fi ń di ohun ọlá. Ọba, ìjòyè àti olórí ẹbí nìkan ni ó kù tí a lè gbé e fún. A kì í fi mu lásán mọ́, ètò pàtàkì nìkan ni a ń gbé e jáde fún. Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ogun náà dàgbà, wọ́n bá ìgò sínáàpù ní iwájú àwọn baba wọn ní ọjọ́ ńlá, wọ́n sì gbà pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni. Àwọn tí ń ta á kò fi àkókò ṣòfò. Wọ́n ń polówó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọtí àwọn ọba àti ọtí àdúrà. Bí a ṣe ń dá àṣà sílẹ̀ nìyẹn láàárín ogójì ọdún.

Àwọn tí kò lè ra ti Họ́láǹdì ńkọ́? Láti àwọn ọdún 1930 wá, nígbà tí ọjà epo àti kòkó wó lulẹ̀ ní gbogbo ayé, àwọn ènìyàn etí omi bẹ̀rẹ̀ sí í se ẹmu àti ògùrọ̀ tí ó ti kan nínú àgbá, tí wọ́n ń fi ọ̀pá bàbà gba ooru rẹ̀ kọjá nínú omi tútù, tí ó ń kán jáde ní ọtí líle. Àwa ń pè é ní ògógóró; ní ilẹ̀ Dahomey ó ń jẹ́ sódábì, ní Gold Coast ó ń jẹ́ akpeteshie. Ìjọba sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Ọlọ́pàá ń wọ inú igbó láti fọ́ àgbá, adájọ́ ń bu owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n lé àwọn tí ń sè é. Iná kan náà ni ó ń bẹ nínú ìgò méjèèjì. Èyí tí ó san owó ibodè ni a gbé sórí tábìlì ọba, èyí tí kò san án ni a gbé lọ sí ilé ẹjọ́.

Bíà ni ó tún dé lẹ́yìn èyí, ó sì wá bá wa dé ẹnu ọ̀nà. Ní ọdún 1946 ni ilé iṣẹ́ UAC àti Heineken dá Nigerian Brewery sílẹ̀, nígbà tí ó sì di oṣù Júùnù ọdún 1949, ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Ìgànmú. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ìkẹjà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ṣí ibùdó ilé iṣẹ́ ńlá sí Ìkẹjà. Ọ̀kan nínú àwọn òpópónà rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Ọba C. D. Akran ti Àgbádárìgì, tí ó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba náà. Orí òpópónà yìí ni Guinness kọ́ ilé ìpọntí rẹ̀ sí ní ọdún 1962, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn odi ilẹ̀ Áyálándì àti Bìrìtìkó. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbé ní ìhà Park Royal ní Lọ́ńdọ̀nù yóò rántí ilé ìpọntí ibẹ̀, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1936, tí wọ́n sì tì ní ọdún 2005. Ìkẹjà ni ó tẹ̀ lé e.

N kò ní ṣe bí aláìmoore. Owó oṣù àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tí ń bẹ ládùúgbò wa, òun ni ó rán àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé gíga, òun ni ó sì gbé àwọn kan lára ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí dé òkè òkun. Opebi tí ó jẹ́ abúlé àgbẹ̀ di ibi tí òṣìṣẹ́ ń wá yàrá sí. Ṣùgbọ́n ilé ọtí náà tẹ̀ lé yàrá. Ní ọjọ́ tí a bá gba owó oṣù, ọ̀pọ̀ baba a yà síbẹ̀ kí ó tó délé, ohun tí ó bá sì ṣẹ́kù ni ìyàwó yóò fi se ọbẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí ó máa ń mú owó wọlé fún àwọn ìyá wa di ohun ẹ̀gàn, ohun ará oko. Ẹni tí ó lajú ni ó ń mu bíà. Wọ́n ń polówó Guinness pé ó ń fún ara lágbára, ọ̀pọ̀ ọkùnrin sì gbà á gbọ́ bí ẹni gba oògùn. Wọ́n sọ ìgò ńlá rẹ̀ ní òdékú. Nígbà tí owó Udoji jáde ní ọdún 1975, òǹgbẹ náà tún pọ̀ sí i, tí ó fi jẹ́ pé ní àwọn ọdún 1980, ilé ìpọntí tí ń bẹ ní Nàìjíríà ju 30 lọ.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1988 ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó ọkà báálì wọlé, àwọn ilé ìpọntí wọ̀nyí sì sáré padà sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Ohun tí a fi rẹ́rìn-ín àwọn ìyá wa ni wọ́n wá ń rọ sínú ìgò fún wa. Èrè rẹ̀ kò padà sọ́dọ̀ àwọn ìyá náà. Ní ọdún 2024, nígbà tí Diageo ta ìpín tí ó pọ̀ jù nínú Guinness Nàìjíríà, Tolaram ti ilẹ̀ Singapore ni ó rà á.

Títì Opebi àti ti Allen kò nílò àpèjúwe fún ẹni tí ó bá ti gba ibẹ̀ kọjá lálẹ́. Èyí tí ó burú jù kò sí ní ilé ọtí ńlá. Inú ọ̀rá kékeré àti inú ìgò paraga ni ó wà, ní ibùdókọ̀, níbi tí awakọ̀ ti ń mu ún ní kùtùkùtù kí ó tó di ọwọ́ mú ọkọ̀. Egbòogi ni wọ́n ń pe paraga, ṣùgbọ́n ọtí líle ni a fi rẹ egbò náà. Ọ̀rá ọtí kékeré kò wọ́n, ó wọ inú àpò aṣọ ilé ìwé láìsí ẹni tí yóò mọ̀. Ní ọdún 2018, àjọ NAFDAC, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ìlera àti àwọn tí ń ṣe ọtí jọ fi ọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rá ọtí àti ìgò tí kò tó 200 mililítà yóò kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí oṣù Jánúárì ọdún 2024. Ọjọ́ pé, NAFDAC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọtí fi ẹ̀hónú hàn pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn, ìjọba sì tún sún un sí ìparí ọdún 2025. Ẹni tí ó bá rántí ọdún 1909 yóò mọ orin náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé ti àwọn ọmọ ibùdókọ̀ nìkan ni. Ní oṣù Épírì ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì: orí a máa fọ́ wọn, ojú wọn a fọ́, wọn a dákú, nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ kejì ẹ̀mí ti bọ́. Àwọn kan ní inú òrìṣà ni ó ń ru. Àwọn tí ó kú ju ogún lọ kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé mẹtanọ́ọ̀lù ni ó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu, èyí tí í ṣe oríṣi ọtí tí a ń lò ní ilé iṣẹ́, tí kò yẹ ẹnu ènìyàn. Láàárín oṣù méjì, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ó sì pa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkú yẹn yára, nítorí náà gbogbo ayé gbọ́.

Èyí tí ó lọ́ra ni kì í dé etí ẹnikẹ́ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019 nìkan, ọtí wà nídìí ikú ènìyàn mílíọ̀nù 2.6 káàkiri ayé. Láti ọdún 1988 ni àwọn olùwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ náà ti ka ọtí mọ́ ohun tí ń fa àrùn náà dájúdájú. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bà jẹ́, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ru, ó sì ń ṣe ọmọ inú oyún léṣe. Ẹ bá mi ka àwọn ìwé ìkéde òkú tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri ládùúgbò wa: "lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́." Ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún, ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. A mọ àìsàn náà. A kì í pe orúkọ rẹ̀, nítorí ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ pàápàá, páálí bíà ni a óò fi ṣe àlejò àwọn tí ó wá bá wa kẹ́dùn.

N óò padà sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kí n tó gbé kálámù sílẹ̀. Mo mọ àwọn olórí ẹbí tí wọ́n jẹ́ Àlháájì, tí ọtí kò kan ètè wọn rí, tí wọ́n sì ń gba ìgò sínáàpù lọ́wọ́ ẹni tí ó ra ilẹ̀. Wọn kì í mu ún. Wọn a fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ń ta ọtí ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, yóò fún wọn ní owó, ẹni tí yóò ra ilẹ̀ ní oṣù tí ń bọ̀ yóò sì lọ ra ìgò kan náà níbẹ̀. Mo ti rí ìgò kan tí ìwé ara rẹ̀ ti ṣá nítorí ìrìn-àjò. Bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń ná jíìnì bí owó ní ayé ọkọ̀ Hamburg ni a ṣì ń ná an. Bí ó bá jẹ́ owó ni, ẹ jẹ́ kí á gba owó.

Bí ó bá sì jẹ́ àdúrà ni, kò di dandan kí á wá ọtí lọ sí Họ́láǹdì tàbí sí Ọ̀tà. Omi tútù ni àwọn baba wa ń ta sílẹ̀ kí ilẹ̀ lè tutù. Oyin, iyọ̀, orógbó, obì àti ataare ni wọ́n fi ń sọ ọmọ lórúkọ, àwọn Mùsùlùmí àti ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì láàárín wa sì ń fi wọ́n ṣe é láìsí ọtí, àwọn ọmọ náà ń jẹ́ orúkọ wọn.

Mo ti kọ àbá kan ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa, pé kí a yọ ọtí kúrò nínú ohun tí a ń gbà gẹ́gẹ́ bí ìtanràn àti ẹ̀bùn ìwọlé, kí a fi iye owó rẹ̀ rọ́pò, kí owó náà sì máa lọ sínú àpò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Àwọn tí ń bẹ lẹ́yìn odi lè fi lẹ́tà sọ èrò wọn ṣáájú ìpàdé gbogbogbòò, kí a lè kà á sétígbọ̀ọ́ ilé, yálà wọ́n fara mọ́ ọn ni o, yálà wọ́n takò ó.